Abẹ́rẹ́ Mẹ́dọ̀wú Kí Wákàtí 24 Tó Pé

Ọ̀rọ̀ owó la sábà máa ń sọ níbi ìpàdé wa. Lónìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ ni àwa ìgbìmọ̀ ìlera fẹ́ sọ.

Mẹ́dọ̀wú ni àrùn tí òyìnbó ń pè ní hepatitis. Oríṣiríṣi ló wà, ṣùgbọ́n ti B la ń sọ, torí ó wọ́pọ̀ láàárín wa, abẹ́rẹ́ tó ń dènà rẹ̀ sì wà. Ìwádìí tí ìjọba ṣe kárí Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé nínú 100 àgbàlagbà, bí 8 ló ní i lára. Bí a bá jẹ́ 50 lábẹ́ àtíbàbà yìí, ó ṣeé ṣe kí 4 wà nínú wa. Ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀. Ó lè wà lára fún 20 ọdún, 30 ọdún, kéèyàn máa tà, kó máa rà, kó tó di pé ikùn wú, tí ẹ̀dọ̀ ti bàjẹ́ tàbí tó ti di jẹjẹrẹ.

Ọmọ tuntun lọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ìyá tó ní i lè kó o ran ọmọ nígbà ìbímọ. Bí àgbàlagbà bá kó o, ara ọ̀pọ̀ wọn máa ń lé e jáde fúnra rẹ̀. Ọmọ tuntun ò lágbára yẹn. Nínú 10 tó bá kó o lọ́jọ́ ìbí, bí 9 ni yóò gbé e dàgbà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ gún un ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ kí wákàtí 24 tó pé, kì í ṣe lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ. Abẹ́rẹ́ mìíràn tó ní ti mẹ́dọ̀wú nínú á tẹ̀lé e ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Ọ̀fẹ́ ni nílé ìwòsàn ìjọba.

Wàyí o, a mọ ara wa. Ọ̀pọ̀ wa ń bímọ lọ́dọ̀ ìyá agbẹ̀bí, àwọn mìíràn lóko. A ò wá bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá bọ́ sílẹ̀ lóru, kí ìyá ọkọ gbé e lọ sílé ìwòsàn bí ilẹ̀ bá ti mọ́. Bí wọ́n bá ní kó padà wá lọ́jọ́ abẹ́rẹ́, kó sọ pé ti mẹ́dọ̀wú ò ṣeé sún síwájú. Bí ìbejì bá sì ni (ta ni ò mọ Igbó-Ọrà sí ìlú ìbejì?), abẹ́rẹ́ Táyé ò ṣiṣẹ́ fún Kẹ́hìndé o. Bí wákàtí 24 bá ti kọjá, ẹ ṣì gbé ọmọ lọ.

Àwa àgbà ńkọ́? 2004 ni Nàìjíríà mú abẹ́rẹ́ yìí wọnú ti ọmọdé, nítorí náà ọ̀pọ̀ wa ò gbà á rí. Àwọn kan á ní àwọn gbà á nígbà tí àwọn ń lọ Mẹ́kà, wọ́n á mú káàdì yẹ́lò jáde. Ti ibà pọ́njú nìyẹn, ọ̀tọ̀ ni mẹ́dọ̀wú. Ẹ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bí kò bá sí lára, abẹ́rẹ́ 3 ni: lónìí, lẹ́yìn oṣù 1, àti nígbà tó bá pé oṣù 6 sí ti àkọ́kọ́. Àgbàlagbà ló sábà máa ń sanwó tirẹ̀. La ṣe ń bẹ àwọn tó ń bójú tó ẹ̀yáwó pé kí wọ́n jẹ́ ká máa yá owó abẹ́rẹ́, bí a ṣe ń yá owó aṣọ ẹbí.

Bí ó bá wà lára, abẹ́rẹ́ ò lè lé e, ṣùgbọ́n oògùn wà tó ń kápá rẹ̀. Dókítà ni kí ẹ lọ bá, kì í ṣe àgbo nìkan. Ẹ má sì ya abọ́ ẹni bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀. Kì í ti ara àwo tàbí oúnjẹ àjọjẹ ràn. Ẹ̀jẹ̀ àti ìbálòpọ̀ ló ń bá rìn: abẹ ìkọlà, bíléèdì kan ṣoṣo tí wọ́n fi sín gbẹ́rẹ́ fún ẹni mẹ́ta. Ẹni tó bá fi tirẹ̀ hàn wá nínú ẹgbẹ́ yìí, ẹ má jẹ́ kí oníbàárà sá fún ọjà rẹ̀ nítorí ẹnu wa.

Lẹ́yìn oúnjẹ, akọ̀wé wa yóò kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ ṣàyẹ̀wò. Kí àwọn aláboyún kọ́kọ́ tò.