Ta Ni À Bá Fi Ọ̀rọ̀ Ilé Wa Lọ̀?

  

Láti nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn ni àwọn olùgbọ́ wa ti ń kọ̀wé sí wa lórí ọ̀ràn kan náà, ṣùgbọ́n ohùn wọn kò ṣọ̀kan. Ọ̀ràn náà ni ti àwọn Àǹtí olùdámọ̀ràn inú ìwé ìròyìn, àti ti àwọn ẹgbẹ́ orí Facebook àti WhatsApp, níbi tí ẹni tí ọ̀ràn ilé ń dùn yóò ti fi orúkọ pamọ́, tí yóò sì ro ẹjọ́ rẹ̀ kí àwọn àjèjì lè gbà á nímọ̀ràn. Baba kan kọ̀wé pé àwọn Àǹtí wọ̀nyí ni ó ń tú ilé onílé ká. Ìyá kan kọ̀wé pé bí kì í bá ṣe tiwọn ni, òun ìbá ti sọ ìrètí nù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní òun máa ń ka ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ní alaalẹ́ bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà, ṣùgbọ́n ojú a máa ti òun lẹ́yìn náà. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn bi wá: “Fada, kí ni ẹ rí sí i?”

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ̀ pé ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti òní. Ní ọdún 1691, ní ìlú London, òǹtàwé kan tí ń jẹ́ John Dunton dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ tí ó ń jẹ́ The Athenian Mercury. Ẹnikẹ́ni ni ó lè kọ ìbéèrè ránṣẹ́ sí i láìdárúkọ ara rẹ̀, ìbáà ṣe lórí ẹ̀kọ́, ìbáà ṣe lórí ìfẹ́ àti ìgbéyàwó. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń bá a dáhùn ni Samuel Wesley, àlùfáà Ìjọ Áńgílíkà, baba John Wesley tí Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀. Ẹ ò rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ọwọ́ àlùfáà ti wà nínú iṣẹ́ yìí.

Ní Èkó tiwa náà, láàárín ọdún 1929 sí 1930, ìwé ìròyìn Akéde Èkó tí I. B. Thomas ń tẹ̀ jáde gbé lẹ́tà obìnrin kan tí ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá síta lẹ́sẹẹsẹ. Obìnrin náà ń ṣàìsàn, ó sì ń fi omijé jẹ́wọ́ bí òun ti lo ìgbà èwe òun ní ìlòkulò. Àwọn òǹkàwé kọ̀wé sí olóòtú nípa rẹ̀, àánú rẹ̀ sì ṣe wọ́n. Kò sí Sẹ̀gilọlá níbì kankan. Olóòtú fúnra rẹ̀ ni ó jókòó kọ gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ìròyìn Drum, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà ní ọdún 1951, tí àwọn ará Nàìjíríà náà sì ń kà, ní ojú ewé tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ̀wé sí obìnrin kan tí ń jẹ́ Dolly. Àwọn ọkùnrin oníròyìn ni wọ́n máa ń jókòó dáhùn ní orúkọ Dolly. Ẹ̀kọ́ kìíní nìyí: ẹni tí ó bá fi ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ lọ àjèjì kò mọ ọwọ́ tí ó di kálàmù mú, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ń kà á kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni ẹkún tí òun ń kà.

Síbẹ̀, kí á má ṣe sọ pé ibi nìkan ni ó wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2015, Lola Omolola, obìnrin ọmọ Nàìjíríà kan tí ó ti ṣe iṣẹ́ oníròyìn rí, tí ó ń gbé ní Chicago ní Amẹ́ríkà, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lórí Facebook fún àwọn obìnrin Nàìjíríà. Ìbànújẹ́ àwọn ọmọbìnrin Chibok tí a jí gbé ní ọdún 2014 wà lára ohun tí ó sún un ṣe é. Òfin ibẹ̀ ni pé a kì í dá ẹni tí ó bá sọ ìrírí rẹ̀ lẹ́bi. Kí ọdún mẹ́ta tó pé, àwọn tí wọ́n wà nínú rẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù kan. Kí ni mílíọ̀nù kan obìnrin ń wá lọ síbẹ̀? Etí tí yóò gbọ́ wọn ni. Ènìyàn kì í fi etí ojúlùmọ̀ sílẹ̀ kí ó máa wá etí àjèjì kiri, àfi bí etí ojúlùmọ̀ bá ti di.

Ọ̀ràn náà sì kan àwa tí a wà ní àjò ju àwọn ará ilé lọ. Ní ilé, bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ láàárín tọkọtaya, a ó ránṣẹ́ sí alárinà tí ó so wọ́n pọ̀, a ó pe àgbà ẹbí ọkọ àti ti ìyàwó jókòó, tọ̀tún-tòsì yóò sì sọ tẹnu rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n ní Kánò, ní Kàdúná, ní Jọ́ọ̀sì, àgbà wo ni ó wà lọ́jà? Aládùúgbò lè má gbọ́ èdè wa. Owó ọkọ̀ sílé kì í ṣe kékeré. Fóònù ni ó wá di gbọ̀ngàn ẹbí, àjèjì tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó sì di alárinà.

A fẹ́ sọ ìtàn méjì fún yín. Kì í ṣe níbi ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni a ti gbọ́ wọn, àwọn tí ọ̀ràn náà kàn sì gbà wá láyè láti sọ ọ́ láìdárúkọ.

Ní ìlú kan ní òkè Ọya níhìn-ín, ìyá kan rí i pé ọkọ òun ń fi owó ránṣẹ́ sí obìnrin kan nílé lóṣooṣù. Kò bi ọkọ rẹ̀ ní nǹkan kan. Ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ẹni tí ń darí ẹgbẹ́ WhatsApp kan pé kí ó bá òun gbé e síta láìdárúkọ. Kò dárúkọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó sọ pé ìbejì ni òun bí kẹ́yìn, ó sì sọ irú ọjà tí ọkọ òun ń tà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, èsì tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ti dé: “Kó ẹrù rẹ.” “Alágbèrè ni.” Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀rọ̀ náà ti dé ìsọ̀ ọkọ rẹ̀. Nígbà tí a jókòó ti àwọn méjèèjì, ó hàn pé ọkùnrin náà ti bí ọmọ kan kí ó tó gbé ìyá yìí níyàwó, owó ilé-ìwé ọmọ náà ni ó ń fi ránṣẹ́. Ó jẹ̀bi, nítorí pé ó fi ohun tí ó yẹ kí aya rẹ̀ mọ̀ pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi tí ó jẹ kọ́ ni wọ́n dá a. Wọ́n ṣì jọ ń gbé títí di òní, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò lè padà sí ọjà yẹn mọ́. Ó gbé ìsọ̀ rẹ̀ lọ sí ibòmíràn, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

Ìtàn kejì kan àwa fúnra wa. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, obìnrin kan dúró dè wá lẹ́yìn Mísà ọjọ́ Ìsinmi. Ojú rẹ̀ wú. Ó ní ọkọ òun ni ó lu òun. A sọ fún un pé kí ó ní sùúrù, kí ó máa gbàdúrà, a ó bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. A bá a sọ̀rọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, inú wa sì dùn. A kò mọ̀ pé ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni ó tún nà án, nítorí pé ó fi ẹjọ́ òun sùn. Obìnrin náà padà wá lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀rọ̀ sùúrù kan náà ni a tún sọ fún un. Kò wá lẹ́ẹ̀kẹta. Ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan lórí fóònù. Ẹnìkan tí kò mọ̀ rí, tí ó wà ní ìlú mìíràn, kò dá ọkọ rẹ̀ lẹ́jọ́, kò sì bú u. Nǹkan mẹ́ta ni ó sọ fún un: kí ó kó ìwé ẹ̀rí rẹ̀ àti ti àwọn ọmọ pamọ́ síta ilé náà, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn kí ó sì tọ́jú ìwé tí dókítà bá kọ fún un, kí ó sì pe agbẹjọ́rò kan tí kì í gba owó lọ́wọ́ irú wọn. Ó ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì jáde. Ó wà láàyè. Nígbà tí ó padà wá kí wa, ó ní: “Fada, ẹ gbọ́ ohùn mi, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mi.” Gbólóhùn náà kò tíì kúrò ní etí wa.

Ẹ̀yin ará, kì í ṣe pé Ìjọ kò ní ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí á sọ fún un. Àwa ni a kò sọ ọ́. Ìwé òfin Ìjọ ti ọdún 1983, ní òfin 1153, fi hàn pé bí ọkọ tàbí aya bá fi ara tàbí ọkàn ẹnì kejì rẹ̀ tàbí ti àwọn ọmọ sínú ewu ńlá, ẹni tí ó wà nínú ewu ní ẹ̀tọ́ láti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ nípa àṣẹ Bíṣọ́ọ̀bù. Bí ewu bá sì wà nínú ìdádúró, ó lè kúrò láìdúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni. Póòpù Francis tún ọ̀rọ̀ yìí sọ nínú ìwé Amoris Laetitia ní ọdún 2016. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2015 lórí ìwà ipá sí ènìyàn sì sọ lílu aya di ẹ̀ṣẹ̀ tí a lè tìtorí rẹ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n. Sùúrù kì í ṣe kí ènìyàn na ọrùn sílẹ̀ fún ọ̀bẹ.

Kí ni kí á wá ṣe? Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ lọ àjèjì, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé kí ni òun ń wá. Bí ó bá jẹ́ etí tí yóò gbọ́ ni, àjèjì lè ní in. Bí ó bá jẹ́ ìmọ̀ ni, bíi ilé ìwòsàn tàbí ọ̀nà òfin, àjèjì lè ní in pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìdájọ́ ni, kí ó má ṣe wá a níbẹ̀, nítorí pé ẹnu ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Àwọn baba wa ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́ ni àgbà òṣìkà. Ìwé Òwe náà, ní orí 18, kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rojọ́ ni ó máa ń dà bí aláre, títí ẹnì kejì rẹ̀ yóò fi dé.

Lẹ́yìn èyí, kí ó rántí pé ọ̀rọ̀ ilé kì í ṣe ti ẹnìkan nìkan. Àṣírí ọkọ wà nínú rẹ̀, ti ọmọ wà nínú rẹ̀. Ẹyin ni ọ̀rọ̀, bí ó bá bọ́, kò ṣeé kó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ bá wà nínú ewu, kí ó má dúró de Àǹtí, kí ó má dúró de Fada. Kí ó kọ́kọ́ jáde ná.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fèsì, ẹ rántí àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù. Ọjọ́ méje ni wọ́n fi jókòó tì í lórí ilẹ̀ láìsọ̀rọ̀, èyí ni ó sì dára jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe fún un. Ìgbà tí wọ́n lanu ni wọ́n ṣìnà. Ẹni tí ó bá kọ “kó ẹrù rẹ” kò ní bá a ru ẹrù náà, kò sì ní bá a tọ́ ọmọ.

Àwa àlùfáà, ẹ̀yin katikísì àti ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́, tiwa ni ó pọ̀ jù. Gbogbo ayé mọ̀ pé èdìdì wà lórí ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, àlùfáà kò gbọ́dọ̀ tú u láé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a sọ fún wa lábẹ́ igi ọgbà ìjọ ńkọ́? Mélòó nínú rẹ̀ ni ó ti dé ìpàdé ẹgbẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó yí po? Bí a kò bá lè pa àṣírí mọ́, tí a kò sì lè gbọ́ ọ̀rọ̀ dé ìdí, a kò ní ẹnu láti fi bú ẹni tí ó bá lọ síta.

Nítorí náà, ní ọ̀dọ̀ tiwa níhìn-ín, a ti bẹ ìyá méjì àti baba méjì tí a mọ̀ sí olùpàṣírímọ́ pé kí wọ́n máa jókòó lẹ́yìn Mísà kejì ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀, kí ó wá. Wọn kò ní kánjú sọ pé ẹ ní sùúrù.

Baba tí ó kọ̀wé sí wa, a kò lè sọ pé irọ́ ni ẹ pa. Àjèjì a máa tú ilé ká. Ìyá tí ó kọ̀wé, òótọ́ ni tiyín náà; àjèjì a máa gba ẹ̀mí là, níbi tí àwa ará ilé ti sùn. Ìwọ ọ̀dọ́mọkùnrin, ìtìjú tí ó ń mú ọ lẹ́yìn kíkà náà, ohun rere ni. Ẹkún ènìyàn kì í ṣe ẹ̀pà. Nígbà mìíràn tí o bá kà á, kí o sọ àdúrà kan fún ẹni tí ó kọ ọ́, kí o sì pa fóònù náà.

Kí Ọlọ́run fún wa ní etí tí ń gbọ́ àti ẹnu tí ń pa àṣírí mọ́, nípasẹ̀ Kristi Olúwa wa. Àmín. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.