Ọmọ Ajá Tó Ń Gbọ̀n Láàárọ̀: Kí Ẹ Tó Pariwo Májèlé
(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé bá ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣooṣù)

 

Ọ̀rọ̀ owó oṣù àti ti gọ́tà, ìgbìmọ̀ ti sọ ọ́ tán. Èyí tó kù sí wa lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ ajá. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Kò sí ẹni tó ń ta ẹja gbígbẹ tàbí gààrì nínú ọjà yìí tí kò mọ oore ajá. Òun ló ń lé eku, òun ló ń gbó nígbà tí oorun bá gbé ọlọ́dẹ lọ. Àwọn mìíràn nínú wa sì ń ta ọmọ ajá, owó ilé ìwé ọmọ wọn wà níbẹ̀.

Gbogbo yín lẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlà ẹlẹ́ja. Ọmọ ajá 3 kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ṣeré, ilẹ̀ mọ́, wọ́n ń gbọ̀n, wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, wọ́n ṣubú. Ni ariwo bá ta pé aládùúgbò ló fún wọn ní májèlé. Àwọn méjì tí wọ́n jọ ń dá èsúsú tipẹ́tipẹ́ kò kí ara wọn mọ́. Àwọn àgbà ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òótọ́ lọ̀rọ̀ àgbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ikú ni ọwọ́ ènìyàn wà níbẹ̀. Nígbà tí a gbé èyí tó ṣẹ́kù lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, ohun tó kọ́kọ́ bi wá ni pé, “Ìgbà wo ló jẹun kẹ́yìn?” Agogo 5 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ẹ̀wẹ̀ ni. Agogo 9 àárọ̀ ni wọ́n ṣí ìsọ̀. Wákàtí 16 gbáko! Aràn sì tún kún inú rẹ̀. Dókítà ní ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló lọ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká yé ara wa. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ni ọpọlọ fi ń ṣiṣẹ́, bí kẹrosíìnì ṣe ń mú àtùpà tàn. Ajá tó ti dàgbà ní ìpamọ́ nínú ẹ̀dọ̀ àti nínú ẹran ara rẹ̀. Bí kò bá jẹun títí di ọjọ́ kejì, yóò máa fa ìpamọ́ yẹn lò. Ti ọmọ ajá kò tó nǹkan. Ó dà bí aláàtẹ tó jẹ́ pé ohun tó pa lónìí ló fi ń jẹun lónìí. Èyí tí kò tíì pé oṣù 3 ló ń ṣe jù, pàápàá àwọn kéékèèké onírun bíi Lhasa. Òtútù a máa dá kún un, aràn a máa dá kún un, bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbẹ́ gbuuru àti jíjá lẹ́nu ọmú lójijì.

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àmì tí ẹ ó rí nìyí: ọmọ ajá á rẹ̀ wọ̀ọ̀, kò ní fẹ́ dìde, á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, ojú rẹ̀ á dá gúdẹ́, ara rẹ̀ á tutù. Tí ẹ kò bá tètè ṣe nǹkan, gìrì á mú un, á dákú, á sì kú.

Kí la ó ṣe? Èkíní, ẹ fi aṣọ wé e kí ara rẹ̀ lè gbóná. Ẹ lè rọ omi gbígbóná sínú ìgò, ẹ fi aṣọ wé ìgò náà, ẹ gbé e tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èkejì, ẹ fi oyin díẹ̀ ra ẹran ìdí eyín rẹ̀ àti abẹ́ ètè rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kó má ju ìdajì ṣíbí tíì lọ fún ọmọ kékeré. Bí kò bá sí oyin, ẹ po ṣúgà tàbí gúlúkóòsì mọ́ omi díẹ̀ kó ki. Ẹ má da nǹkan sí ọ̀fun ẹni tó dákú o, ì báà ṣe ajá. Ẹ̀dọ̀fóró ni yóò gbà lọ. Bí gìrì bá ń mú un lọ́wọ́, ẹ má ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ̀kẹta, tó bá ta jí, tí ara rẹ̀ sì ti gbóná, ẹ fún un lóúnjẹ díẹ̀. Oyin kì í pẹ́ lára, oúnjẹ ló ń dá agbára dúró. Tí ó bá tó ìṣẹ́jú 15 tí kò sí àyípadà, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko kíákíá. Èyí tó bá ta jí pàápàá, ẹ gbé e lọ, kí wọ́n lè mọ ohun tó fà á.

Ọ̀rọ̀ epo pupa wá ńkọ́? Ohun tí a mọ̀ nínú ọjà ni pé bí ajá bá ti ṣubú, epo la ó máa rọ sí i lọ́fun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jáwọ́. Epo kò gbé ṣúgà sókè, kò sì lé májèlé jáde. Ó lè gba ẹ̀dọ̀fóró lọ, kó sì pa èyí tí oyin ìbá gbà là.

A kò sọ pé májèlé kò sí o. Ajá ńlá tó ń yọ itọ́, tó ń bì, tó ń gbọ̀n lójijì, ó lè jẹ́ pé májèlé eku ló jẹ. Ẹ gbé e lọ, kí ẹ sì mú páálí ohun tó jẹ dání. Bí ajá kan bá ti bù ú jẹ rí, tàbí tí ìwà rẹ̀ yí padà, tó ń bu ohun gbogbo jẹ, ẹ má fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀ rárá. Dìgbòlugi lè ni. Ẹni tí ajá bá bù jẹ, kó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kó sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà.

Ẹ ṣọ́ra fún ṣingọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ “sugar free” sí lára pẹ̀lú. Adùn kan tí wọ́n ń pè ní xylitol máa ń wà nínú òmíràn. Kì í ṣe wá ní nǹkan, ṣùgbọ́n ó máa ń já ṣúgà ajá lulẹ̀, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́.

Ohun tí ìgbìmọ̀ wá gbé kalẹ̀ nìyí, kí ẹ fọwọ́ sí i. Ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù 3 kò gbọdọ̀ sùn ní ìsọ̀ títì. Ẹ gbé e lọ sílé, ẹ fún un lóúnjẹ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́, kí èyí tó kẹ́yìn súnmọ́ àsìkò oorun. Kó má jẹ́ ẹ̀bà lásán, ẹ fi ẹja tí a yọ egungun rẹ̀ tàbí ẹyin sí i. Ẹ jẹ́ kí dókítà bẹ̀rẹ̀ oògùn aràn láti ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n bí i, ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì títí yóò fi pé oṣù 2 ó kéré tán. Tó bá pé oṣù 3, kó gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Kí olórí ìlà kọ̀ọ̀kan ní ìgò oyin kékeré kan nílé. Lékè gbogbo rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ ẹnìkejì rẹ̀ mọ́ májèlé títí dókítà yóò fi yẹ ẹranko náà wò. Ẹni tó bá rú èyí, ẹgbẹ́ yóò pè é.

Àwọn ìyá wa méjì ní ìlà ẹlẹ́ja, a bẹ̀ yín, ẹ kí ara yín. Ebi àti aràn ló pa ajá, kì í ṣe ènìyàn. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká fi ọwọ́ ara wa tú ọjà wa ká. Ẹ ó tà, ẹ ó jèrè o. Àṣẹ.