Ọyẹ́ Ẹ̀bá Òkun: Kí Ni Kí Ará Ọ̀rẹ̀ àti Odìgbó Máa Retí?

Iṣẹ́ tí a yàn fún mi lálẹ́ òní ni pé kí n sọ bí ọyẹ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè Ọ̀rẹ̀ àti Odìgbó, àti ohun tí ó yẹ kí á máa retí nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ lè bi mí pé kí ni ó kan olùkọ́ èdè nínú ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́. Ó kàn mí, nítorí pé ọ̀rọ̀ ni a fi ń gbé ìròyìn ojú-ọjọ́ lọ sí oko. Bí ọ̀rọ̀ náà bá wọ́, kòkó ni yóò bu.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo bá bàbá àgbẹ̀ kan pàdé ní oko rẹ̀ láàárín Ọ̀rẹ̀ àti Odìgbó. Bàbá náà ti gbọ́ lórí rédíò kan pé òjò ti lọ, pé ọyẹ́ yóò dé lọ́sẹ̀ náà. Ó kó gbogbo kòkó rẹ̀ jáde, ó sá a sórí pèpéle. Ọyẹ́ kò dé. Òjò ni ó rọ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko. Nígbà tí mo bá a sọ̀rọ̀, kò bínú sí òjò rárá. Rédíò ni ó ń bínú sí. Ó ní, 'Ọmọ mi, wòlíì inú rédíò yín ti purọ́ fún mi.'

Wòlíì! Mo ronú sí ọ̀rọ̀ yẹn títí. Àwa gan-an ni a kọ́ bàbá ní ọ̀rọ̀ náà. Kí ni a ń pe iṣẹ́ àwọn tí ń wo ojú-ọjọ́ ní èdè wa? Àsọtẹ́lẹ̀ ni. Ta ni ó sì ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ láàárín Yorùbá? Wòlíì ni, tàbí babaláwo tí ó gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀. Àsọtẹ́lẹ̀ kì í ní 'bóyá' nínú. Bí kò bá ṣẹ, irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí onímọ̀ ojú-ọjọ́ ń ṣe kì í ṣe ìran rírí. Ó ń wọn afẹ́fẹ́, ó ń wọn ọ̀rinrin, ó ń wo àwòrán tí ẹ̀rọ ń yà láti òkè òfurufú, lẹ́yìn náà ni ó ń ṣírò ohun tí ó ṣeé ṣe jù. Ìfojúdá ni mo rò pé ó yẹ kí á máa pè é. Ẹni tí ó fojú dá nǹkan lè tàsé díẹ̀, kò sì sọ ọ́ di òpùrọ́.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo ìdí tí ìfojúdá fi ṣòro ní Ọ̀rẹ̀ ju Kánò lọ. Afẹ́fẹ́ méjì ni ó ń pín ọdún wa láàárín ara wọn. Ọ̀kan ń ti orí òkun Àtìláńtíìkì bọ̀, ó rin gbindin, òun ni ó ń gbé òjò wá. Èkejì ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ láti ìhà àríwá àti ìlà-oòrùn, ó gbẹ táútáú. Òun ni ọyẹ́. Níbi tí àwọn méjèèjì ti pàdé, ààlà kan wà tí kì í dúró lójú kan. Ní oṣù kẹjọ, ààlà yìí a gòkè kọjá Kánò àti Kàtísínà lọ sí ẹ̀bá aṣálẹ̀. Láti oṣù kẹwàá ni yóò ti máa padà bọ̀, tí ó bá sì fi máa di oṣù kìíní, ó ti dé tòsí etí òkun.

Láti Ọ̀rẹ̀ sí òkun kò tó 100 kìlómítà. Èyí fi hàn pé ẹnu ààlà gan-an ni Ọ̀rẹ̀ àti Odìgbó wà. Bí ààlà náà bá sún sí ìsàlẹ̀ díẹ̀, ọyẹ́ á mú, ètè á là, a ó máa wá òrí àti àdí kiri. Bí ó bá sún sókè díẹ̀, ooru àti ọ̀rinrin á padà dé lọ́jọ́ kejì, òjò pàápàá lè rọ̀. Ní Kánò, ọyẹ́ a máa jókòó bí onílé. Ní ọ̀dọ̀ wa, àlejò ni, a lo ọjọ́ mẹ́ta, a tún lọ. Nítorí náà, kí ará Ọ̀rẹ̀ má ṣe retí pé bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ lẹ́ẹ̀kan ní oṣù kọkànlá, òjò ti parí. Àárín oṣù kejìlá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì ni agbára rẹ̀ máa ń wà jù.

Erukú tí ọyẹ́ ń gbé bọ̀ kì í ṣe erukú ojú títì wa. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń wá láti Bodélé ní ilẹ̀ Chad, níbi tí adágún omi ńlá kan ti gbẹ láti ayébáyé. Díẹ̀ nínú erukú yìí ń kọjá lórí òkun lọ sí igbó Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ó sì ń di ajílẹ̀ fún igi wọn. Àwọn òyìnbó tí ó kọ́kọ́ gbé etí òkun wa máa ń pe ọyẹ́ ní 'dókítà', nítorí pé ó ń gbà wọ́n lọ́wọ́ ooru. Ẹni tí àrùn foníkú-fọ̀la-dìde ń bá jà kò ní pè é bẹ́ẹ̀, nítorí òtútù àti ọ̀gbẹlẹ̀ ara máa ń dá ìrora sílẹ̀ fún un.

Ibi kejì tí ọ̀rọ̀ ti ń ṣe wá lọ́ṣẹ́ rèé. Kùrukùru ni a ń pe ohun méjì tí kò jọra rárá. Èkíní ni ti ìrì, tí ó máa ń bo ilẹ̀ ní ìdájí. Bí oòrùn bá ti ràn dáadáa, á ká kúrò. Èkejì ni ti erukú ọyẹ́, tí oòrùn kò lè ṣe nǹkan fún, tí ó lè wà títí ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Awakọ̀ tí ó ń bọ̀ láti Èkó lọ sí Bìní gba Ọ̀rẹ̀ kọjá. Bí ìròyìn bá sọ fún un pé 'kùrukùru wà', ṣé kí ó dúró jẹun títí aago mẹ́sàn-án ni, àbí kí ó tan iná ọkọ̀ rẹ̀ kí ó sì máa rọra lọ ní gbogbo ọ̀nà? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn kò dá a lóhùn. Bí a bá sọ pé 'kùrukùru ìrì' tàbí 'kùrukùru erukú', ó ti mọ ohun tí yóò ṣe.

Ní ti oko, ọyẹ́ ní oore tirẹ̀. Òun ni ó ń dín àrùn tí ń sọ èso kòkó di dúdú kù, òun náà ni ó ń bá wa gbẹ kòkó tí a sá. Ṣùgbọ́n ọmọ kòkó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn, tí kò ní ìbòòji ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí, ó lè kú sí i. Iná sì ni ó burú jù. Ní 1983, ọ̀gbẹlẹ̀ àti ọyẹ́ líle bá ara wọn pàdé ní Gánà, iná sì jó oko kòkó lọ rẹpẹtẹ. Gánà tí ó ti kórè ju 500,000 tọ́ọ̀nù lọ ní 1964/65 kò rí ju bí 159,000 lọ ní 1983/84. Kì í ṣe iná nìkan ni ó fà á, owó kòkó tí kò tó nǹkan wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n igi tí iná bá jó, ọdún púpọ̀ ni yóò gbà kí òmíràn tó so. Ní agbègbè Odìgbó, níbi tí a ti gé púpọ̀ nínú igbó ọba Olúwà, ilẹ̀ tí oòrùn ń pa tààrà a máa yá gbẹ, ewé gbígbẹ a sì máa dúró de iná ọdẹ tí ń lé ọ̀yà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ro àyíká oko rẹ̀ kí iná má baà wọlé, kí ó ti ṣe é kí oṣù kejìlá tó parí.

Mo bi bàbá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ léèrè pé, 'Bàbá, báwo ni ẹ̀yin fúnra yín ṣe ń mọ̀ pé ọyẹ́ fẹ́ dé?' Ó ní òun ń wo ìrì òwúrọ̀ bóyá ó ti ń dín kù. Òun ń wo igi àràbà bóyá ó ti ń wọ́ ewé. Òun ń wo oòrùn bóyá ó ti ń funfun bí òṣùpá. Mo ní, 'Ṣé kì í tàsé?' Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, 'A máa tàsé. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ bú?'

Mo wá ṣàlàyé fún un pé ohun tí àwọn onímọ̀ máa ń sọ ni pé, nínú ìgbà mẹ́wàá tí ojú-ọjọ́ bá rí báyìí, ìgbà méje ni òjò kì í rọ̀. Bàbá dákẹ́ díẹ̀. Ó wo pèpéle rẹ̀, ó wo tàpólì tí ó ká sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ó ní, 'Ṣé bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn? Wọn ì bá jẹ́ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ǹ bá sá ìlàjì, ǹ bá sì bo ìlàjì.'