Bí Ọmọ Bá Lo Oògùn Ara-Ríro Ní Àlòjù

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà tàbí ti gbọ̀ngàn ìlú kọ́ ni a mú wá lónìí, bí kò ṣe ti àwọn ọmọ wa tí ń bàlágà, tí ìbínú, ìtìjú tàbí ẹgbẹ́ búburú lè mú kí wọ́n gbé oògùn ara-ríro mì ní àlòjù.

Ẹ̀tàn wà nínú paracetamol. Ọmọ tí ó lò ó jù lè jẹun, kí ó sì rẹ́rìn-ín ní ọjọ́ kìíní; ó lè di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta kí a tó mọ̀ pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ń bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ̀ rẹ̀ wà, acetylcysteine ni orúkọ rẹ̀. Ní 1979 ni àwọn dókítà Edinburgh fi hàn pé ó ń dáàbò bo ẹ̀dọ̀ gidigidi bí a bá fà á sí aláìsàn lára láàárín wákàtí 8. Bí wákàtí 8 bá ti kọjá, ẹ má sọ ìrètí nù. Ẹ sáà gbé e lọ.

Ti tramadol yàtọ̀. Oorun a máa kun ọmọ, èémí rẹ̀ a dínkù, gìrì sì lè mú un. Naloxone ni dókítà fi ń dá èémí náà padà.

Kí ni kí a ṣe nílé? Kí a má rọ epo pupa sí i lẹ́nu, kí a má sì fi omi iyọ̀ mú un bì, kí èébì má baà bọ́ sí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Bí kò bá jí dáadáa, kí a fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí a máa ṣọ́ èémí rẹ̀. Kí a mú páálí oògùn náà dání, kí a sì gbé e lọ kíákíá sí ilé ìwòsàn ńlá ní Òṣogbo, tí kò jìnnà sí wa. Ẹ̀yin ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ẹ pe 999. Ẹ̀yin ti Amẹ́ríkà, ẹ pe 911.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má fi ìtìjú bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yè ná, kí a tó bá a wí. Májèlé kì í béèrè bóyá ọmọ Ìlobùú ni tàbí ọmọ Ìfọ́n. Ọkọ̀ ẹni tí ó bá wà nítòsí ni kí ó gbé e. A kò ní fi ọwọ́ wa sin ọmọ. Àṣẹ.