Ojú Tí Ọmọ Ilé-Ìwé Yóò Fi Wo Àwòrán

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìwà lẹwà. Ṣùgbọ́n kí ọmọ òde òní tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu òbí tàbí olùkọ́, àwòrán ti sọ tirẹ̀ fún un. Tẹlifíṣọ̀n ń wí i, fóònù ń wí i, pátákó ìpolówó ọjà ẹ̀bá títì náà ń wí i, pé báyìí ni ó yẹ kí ara ènìyàn rí.

Ohun tí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lè ṣe hàn ní àwọn erékùṣù Fiji, nínú Òkun Pàsífíìkì. Níbẹ̀, ara tí ó tóbi tí ó sì lágbára ni wọ́n kà sí ara ẹni tí ẹbí ń tọ́jú. Ní ọdún 1995 ni tẹlifíṣọ̀n dé agbègbè Nadroga. Anne Becker, oníṣègùn láti ilé-ẹ̀kọ́ gíga Harvard, wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé ibẹ̀ ní ọdún náà, ó sì tún padà wádìí ní 1998. Ní 1995, kò sí ọ̀kan nínú àwọn tí ó bi léèrè tí ó ń mọ̀-ọ́n-mọ̀ bì kí ó má baà sanra. Ní 1998, ó lé ní 11 nínú ọgọ́rùn-ún tí ó ti ṣe bẹ́ẹ̀. 74 nínú ọgọ́rùn-ún sì wí pé nígbà mìíràn àwọn a máa rò pé àwọn ti tóbi jù. Kì í ṣe oge lásán. Àwọn kan nínú wọn gbà pé bí àwọn bá tẹ́ẹ́rẹ́ bí òṣèré inú tẹlifíṣọ̀n, àwọn yóò rí iṣẹ́ rere.

Ẹlòmíràn lè wí pé kí òbí pa ẹ̀rọ náà, kí ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n ìwádìí mìíràn tí Becker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2011 fi hàn pé ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ ń wò lè kan ọmọ náà, bí kò tilẹ̀ sí ẹ̀rọ nílé tirẹ̀. Ilé-ìwé ni àwọn ọ̀rẹ́ ti ń pàdé. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí ẹ̀kọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ọ̀hún kò ṣòro. Ní Nàìjíríà, níbi tí ìpolówó ìpara abóra ti pọ̀, olùkọ́ lè mú ọ̀kan wá sí kíláàsì, kí ó sì béèrè pé: Ta ni ó sanwó àwòrán yìí? Kí ni ó fẹ́ tà? Àbùkù wo ni ó fẹ́ kí òǹwòran kọ́kọ́ rí lára ara rẹ̀? Kí ni iná, àtíkè àti kọ̀ǹpútà ti ṣe sí ojú yìí? Kí ni wọn kò kọ síbẹ̀? Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì lè fi kún un pé mákúrì, májèlé tí ó wà nínú irú àwọn ìpara kan, a máa ba kíndìnrín jẹ́. Lẹ́yìn náà, kí àwọn ọmọ ya àwòrán ẹnì kan náà lẹ́ẹ̀mejì, nínú oòrùn gangan àti lẹ́bàá fèrèsé, kí wọ́n fi wọ́n wéra.

Ó ku olùkọ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tí ń pe ọmọ kan ní òróbó, tí ń pe èkejì ní lẹ́pa, ti fi ẹnu ba ohun tí ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ́ jẹ́. Bí olùkọ́ bá ṣọ́ ẹnu rẹ̀, tí ọmọ sì mọ ẹni tí ń tajà lẹ́yìn àwòrán, ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yóò rí àyè wọ̀ ọ́ létí.