Ọ̀sìn Oyin fún Ìdílé
Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé sọ ní ìpàdé ẹ̀ka Makera

 

Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òótọ́ ni, fún ẹni tí ń wá oyin nínú igbó. Ṣùgbọ́n oyin tí mo fẹ́ kí ìdílé wa máa sìn kò fẹ́ àáké, kò sì fẹ́ iná. Sùúrù ló fẹ́, àti àdéhùn rere pẹ̀lú onílẹ̀.

Ẹ mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá. Ilé-iṣẹ́ aṣọ Kaduna Textile tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1957 kógbá sílé ní 2002. UNTL ti ilẹ̀kùn ní 2007. Nígbà tí ó sì tún ṣí ní 2010, kì í ṣe gbogbo òṣìṣẹ́ ni a gbà padà. Owó oṣù nìkan kò tó gbé ilé ró mọ́.

Èkíní ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Oyin kò mọ ààlà, oyin ilẹ̀ wa sì máa ń bínú. Bí a bá yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n lè tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n ta ẹran tàbí ènìyàn pa. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé àpótí oyin sí àgbàlá ní Makera níbí, tàbí sí ẹ̀bá ilé-ìwé, kànga àti ojú ọ̀nà. Oko ni kí ó wà, kí ó jìnnà sí ilé tó mítà 300. Púpọ̀ nínú wa kò sì ní ilẹ̀ níhìn-ín. Ẹ lọ bá onílẹ̀, ẹ sọ fún mai-unguwa, kí ẹ sì kọ àdéhùn sílẹ̀: ta ni yóò máa kó oyin, kí ni ìpín onílẹ̀, ibo ni àwọn darandaran ń gbà kọjá? Bí ọmọ aládùúgbò bá fara pa, kì í ṣe ẹni tó ni àpótí nìkan ni yóò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Gbogbo wa ni.

Èkejì ni àpótí. Àwọn Hausa ń hun ilé oyin tí wọ́n ń pè ní amya, wọn a gbé e sórí igi. Kò náni lówó, ṣùgbọ́n kíkó oyin inú rẹ̀ sábà máa ń tú ilé náà ká. Àpótí irú ti Kẹ́ńyà, tí ó ti tàn kálẹ̀ láti àwọn ọdún 1970, sàn jù fún wa. Káfíńtà wa lè kàn án. A ó to igi tẹ́ẹ́rẹ́ sí orí rẹ̀, kí fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 32. Lára igi kọ̀ọ̀kan ni oyin yóò so afárá kan rọ̀ sí, a ó sì lè yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ìda ra inú àpótí kí òórùn rẹ̀ lè fà wọ́n. Ẹ fi gíríìsì kun ẹsẹ̀ rẹ̀ nítorí èèrà, ẹ sì gbé omi sí tòsí.

Àpótí méjì tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Oyin lè má wọ̀ ọ́ fún oṣù púpọ̀, nítorí náà ẹ má ṣe kó owó èsúsú lé e lórí.

Ẹ̀kẹta ni kíkó oyin. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí máńgòrò, igi òrí àti igi igbá tí a fi ń ṣe irú ń tanná, ni oyin ń rí oúnjẹ kó. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ, ẹni méjì, pẹ̀lú àwọ̀n lójú, ìbọ̀wọ́ àti èéfín koríko gbígbẹ. Afárá tí wọ́n ti fi ìda dí lójú nìkan ni kí ẹ yọ. Oyin tí a kò dí ní omi nínú, yóò kan. Ẹ má fọwọ́ kan afárá ọmọ, ẹ sì fi oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn de òjò. Ẹni tí ó bá dáná sun oyin lọ́dún yìí kò ní rí nǹkan kan kó lọ́dún tí ń bọ̀. Ẹni tí oyin bá ta, tí ojú rẹ̀ wú tàbí tí kò lè mí dáadáa, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá, aṣọ mímọ́ ni kí ẹ fi sẹ́ ẹ. Ẹ má bu ṣúgà sí i, nítorí ẹni tí a bá tàn lẹ́ẹ̀kan kì í padà. Ẹ má fi fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Ìda náà ń tà. Àwọn oníbàtà ń lò ó.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìdílé tí ó bá ti rí onílẹ̀ bá sọ̀rọ̀, kí wọ́n wá bá mi lẹ́yìn ìpàdé. Èmi yóò bá wọn kọ ìwé àdéhùn náà, n kò sì ní gba kọ́bọ̀.