Kànga Epo A Máa Sọ̀rọ̀

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ẹ̀yin olùwòran, òwe yìí bá ọ̀rọ̀ kànga epo rọ̀bì mu. Páìpù irin ni wọ́n ń rì sínú kànga náà, wọn a sì fi sìmẹ́ńtì dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí epo àti gáàsì má baà sá jáde. Ojú kò tó ìsàlẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ tí ń wọn ipá inú rẹ̀, tí iye rẹ̀ ń hàn lójú kọ̀ǹpútà lójú ẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn gbọ́. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2010, ní Òkun Mẹ́síkò létí Amẹ́ríkà, àwọn òṣìṣẹ́ Deepwater Horizon dán kànga Macondo wò bóyá ó dí. Páìpù méjì ni wọ́n wò. Ọ̀kan fi òdo hàn; èkejì fi 1,400 psi hàn. Bí kànga bá dí, òdo ni ó yẹ kí méjèèjì jẹ́. Wọ́n wá àwáwí fún iye ńlá náà, wọ́n gba òdo gbọ́, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ. Lálẹ́ ọjọ́ náà gáàsì ru jáde, iná sọ, òṣìṣẹ́ 11 kú. Ọjọ́ 87 ni epo fi tú sínú òkun.

Ẹ̀rọ kò purọ́. Ẹni tí ó bá ra ẹ̀rọ ìṣọ́ kànga, kí ó fún ẹni tí ń wò ó láṣẹ láti dá iṣẹ́ dúró.